Bẹ́ẹ ṣe máa wa mọ́tò gba Valley of Fire ní Nevada láìkánjú

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ẹ máa ń wá ṣe fàájì ní Las Vegas, mo bẹ̀ yín, kẹ́ẹ tó padà sílé lọ́tẹ̀ yìí ẹ yọ odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń gbé ìlú yìí, gbogbo ẹni tó bá wá kí mi láti Houston, láti London, láti ilé, Strip yẹn náà ni wọ́n máa ń mọ̀, iná, hòtẹ́ẹ̀lì, ọjà, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán. Bẹ́ẹ̀ wákàtí kan péré sí ibi tí wọ́n dé sí, àpáta pupa rẹpẹtẹ wà nínú aṣálẹ̀, tí òòrùn bá tàn sí i ṣe ló máa ń dà bíi pé iná ń jó nínú ẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Valley of Fire. Títì ọ̀dà gba àárín ẹ̀ kọjá, ọmọdé á gbádùn ẹ̀, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn náà á rí i láti inú mọ́tò. Mo mú Mama mi lọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá láti Abẹ́òkúta, látọjọ́ yẹn ló ti wà lọ́kàn mi pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ béèyàn ṣe ń lọ síbẹ̀ tó fi máa dùn mọ́ ọn, torí ọ̀pọ̀ tó ń lọ, wọ́n kàn ń sáré wọlé sáré jáde ni. Láti géètì ìwọ̀ oòrùn dé géètì ìlà oòrùn ò ju nǹkan bíi mílì 10 àti ààbọ̀ lọ, tẹ́ẹ bá wà á láìdúró, kò ní gbà yín ju ìṣẹ́jú 20 sí 25, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan. Èmi máa ń lo odindi ọjọ́ níbẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àsìkò, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló dáa jù, ọ̀sán á lọ́ wọ́ọ́rọ́, àárọ̀ á tutù, ẹ mú súwẹ́tà dání. Tó bá ti di oṣù Karùn-ún, ooru ibẹ̀ kì í ṣe irú ooru tá a mọ̀ nílé o. Ooru tiwa, omi wà nínú ẹ̀, ara á máa làágùn, ẹ á mọ̀ pé ooru ń mú yín. Ti ibí gbẹ, òógùn ti máa ń gbẹ kó tó hàn lára, omi ara yín á ti máa tán lọ ẹ ò ní mọ̀, àfìgbà tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín tí òòyì ń kọ́ yín. Ní sọ́mà ó máa ń kọjá 110 Fahrenheit, ìyẹn lé ní 43 ní Celsius, ìgbà míì á dé 120. Ní oṣù Keje 2023, obìnrin méjì lọ rìn níbẹ̀ nínú irú ooru yẹn, òkú wọn ni wọ́n rí. Ní báyìí, láti àárín oṣù Karùn-ún títí dé ìparí oṣù Kẹsàn-án, wọ́n máa ń ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn pa, Fire Wave àti White Domes wà nínú ẹ̀, àwọn méjèèjì yìí gan-an sì lèèyàn máa ń tìtorí ẹ̀ wá. Nítorí náà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń mú ọjọ́, ẹ má mú oṣù Keje.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò. Kò dìgbà tẹ́ẹ bá háyà jíìpù ńlá, mọ́tò kékeré náà á gba gbogbo ibi tí mo fẹ́ júwe yìí, títì ọ̀dà ni. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ẹ tó gbé e kúrò níbi tẹ́ẹ ti háyà ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mi ò tíì ra tèmi, mo háyà ọ̀kan, mo kàn gba kọ́kọ́rọ́ mo jókòó mo wà á lọ, a ti wà láàárín aṣálẹ̀ ni iná táyà tàn lójú daṣibọ́ọ̀dù, mo sọ̀kalẹ̀ mo ṣí búùtù, kò sí táyà míì níbẹ̀, kò sí jáàkì, àgbá kékeré kan tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn ni mo bá. Ọpẹ́lọpẹ́ pé táyà yẹn ò jò tán, mo rọra wà á jáde. Níbẹ̀ ẹ ò lè rí fọ́kánáísà lẹ́bàá ọ̀nà tó so táyà kọ́ igi bíi tilé. Nítorí náà ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí wọ́n ṣì tutù, láàárọ̀, kẹ́ẹ tó wà á rárá, ẹ ṣí búùtù wò, ẹ tan AC kẹ́ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wo iná daṣibọ́ọ̀dù. Kẹ́ẹ sì rọ epo kún. Kò sí ilé epo nínú ọgbà yẹn rárá, èyí tó kẹ́yìn wà ní Exit 75 lórí I-15, títì máarosẹ̀ tó jáde láti Las Vegas, ilé ìtajà àwọn ará Moapa Paiute, àwọn Paiute yìí ló ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé. Ẹ tọ̀ níbẹ̀, ẹ ra yìnyín sí kúlà níbẹ̀.

Omi, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò pọ̀ jù. Mo máa ń gbé odindi páálì méjì sí búùtù, mo tún máa ń fi omi dídì sínú kúlà lọ́tọ̀. Ẹ sè oúnjẹ dání torí kò sí búkà níbẹ̀, èmi máa ń gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín, kò ṣòro jẹ, tábìlì oníbòòji wà níbi tí wọ́n ń pè ní Seven Sisters. Ẹ wọ kánfáàsì, kì í ṣe sílípáàsì. Fìlà tó ní etí. Lórí ọ̀rọ̀ fóònù, nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ máa ń ṣe ségesège, ibi tó pọ̀ kò sí rárá, kẹ́ẹ tó kúrò nílé ẹ da máàpù agbègbè yẹn sórí fóònù kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé pé ibí lẹ̀ ń lọ, aago báyìí lẹ máa dé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbéra. Ẹ kúrò ní Las Vegas kí ilẹ̀ tó mọ́, kẹ́ẹ máa bá I-15 lọ sí apá àríwá, ẹ yà ní Exit 75, ẹ wá máa bá Valley of Fire Highway lọ sápá ìlà oòrùn. Nǹkan bíi mílì 15 ni, ilẹ̀ gbalasa, òkè eérú eérú níwájú, kò sí nǹkan pupa kankan, Mama ń bi mí léèrè pé ṣé ibi tí mo ń mú àwọn lọ nìyí. Òkè eérú yẹn, òkúta ẹfun ni, ó dàgbà ju àpáta pupa lọ, ilẹ̀ ló fún un jọ láyé àtijọ́ tó fi gun orí èyí tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ẹ sáà máa lọ. Títì á ṣẹ́kọ́nà, á sọ̀kalẹ̀, lójijì ni gbogbo ẹ̀ á pupa yàà níwájú yín.

Ẹ máa san owó ní géètì. Mọ́tò tó bá ní nọ́ńbà Nevada, dọ́là 10, ti ìpínlẹ̀ míì dọ́là 15, iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ìlà oòrùn sí wíwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń ṣí i fún ẹni tí ò bá ní sùn níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá síbẹ̀, 1935 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọgbà ìpínlẹ̀, kò sí ọgbà ìpínlẹ̀ Nevada kankan tó dàgbà jù ú lọ.

Tẹ́ẹ bá wọlé báyìí, àwọn àpáta tó rí bí ilé oyin lẹ máa kọ́kọ́ rí, Beehives, gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ dúró níbẹ̀. Ẹ má dúró. Mo mọ̀ pé á wù yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi, ẹ wakọ̀ lọ tààrà dé ọ́fíìsì àlejò, ẹ yà sí apá òsì, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Mouse's Tank Road, ẹ máa bá a lọ títí tó fi máa parí ní White Domes. Ìdí ni pé ibi tó jìnnà jù yẹn lẹ ti máa fẹsẹ̀ rìn jù, ó yẹ kẹ́ẹ rìn ín nígbà tí òòrùn ò tíì mú, ibi ìgbọ́kọ̀sí ibẹ̀ sì máa ń kún tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Lójú àbọ̀ lẹ máa wá máa dúró wo èyí tó kù ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ó máa ń rọ́ bí ejò, á gòkè, á ṣubú wọ inú kòtò, àpáta pupa lọ́tùn-ún lósì, tẹ́ẹ bá dé orí gegele kan ẹ ò ní rí títì iwájú, ojú ọ̀run nìkan lẹ máa rí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé kẹ́ẹ rọra. Mọ́tò míì lè ti dúró sí ẹ̀yìn gegele yẹn láti ya fọ́tò, tàbí oníkẹ̀kẹ́, tàbí àgbò orí òkè, àwọn yẹn wà níbẹ̀ dáadáa, ìwo wọn tóbi ó ká kò bí ìkarahun ìgbín, wọ́n á kàn rọra máa sọdá bí ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára pátákó, ẹ má sá kọjá ẹ̀. Ẹ má dúró láàárín títì torí fọ́tò, ẹ má sì yà sórí yanrìn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó dà bíi pé ó le ṣùgbọ́n táyà á rì sínú ẹ̀ ni, ibi tí wọ́n dá fún ìgbọ́kọ̀sí pọ̀, ẹ yà síbẹ̀. Kẹ́ẹ sì máa pààrọ̀ ẹni tó ń wakọ̀ tó bá ṣeé ṣe, ojú awakọ̀ ò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ká sòótọ́ ìyà ni fún un kó wà á lọ wà á bọ̀ kó má rí nǹkan kan.

Ní White Domes, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó yí po, ó lé díẹ̀ ní mílì kan. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta àti yanrìn, ẹni tí ẹsẹ̀ ò bá gbé dáadáa kó dúró sí òjìji. Nísàlẹ̀, ògiri ilé tó ti wó kan wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ fíìmù ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1965. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wọ àárín àpáta méjì tó fún débi pé ẹ lè na ọwọ́ méjèèjì kẹ́ẹ fọwọ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì, ó tutù nínú ẹ̀ bí ẹni wọ inú ilé alámọ̀.

Èmi àti àbúrò mi la rìn ín, Mama jókòó dè wá lẹ́bàá mọ́tò. Ìgbà tá a padà dé wọ́n ti dìde, wọ́n dúró ti àpáta kan, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á rọra, wọ́n wá la ọwọ́ hàn mí. Yanrìn pupa wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbé, yanrìn mà ni. Olúmọ ò lè ṣe báyìí láéláé.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Olúmọ tí wọ́n ti mọ̀ láti kékeré, inú ooru abẹ́ ilẹ̀ ló ti wá, ó yọ́ kó tó tutù tó wá le koránkorán. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Òkìtì yanrìn ló jẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbá a jọ láyé ìgbà àwọn dáínósọ̀, ó ti lé ní mílíọ̀nù 150 ọdún, ọ̀kan ń gorí ọ̀kan títí tó fi wúwo tó fún ara ẹ̀ pọ̀ di òkúta. Tẹ́ẹ bá wo ara ẹ̀ dáadáa ẹ máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dá gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn òkìtì yanrìn ayé ìgbà yẹn nìyẹn, bí afẹ́fẹ́ ṣe tẹ́ ẹ náà ló wà síbẹ̀. Pípupa tó pupa, irin tó wà nínú yanrìn yẹn ló dógùn-ún, bí ìṣó tó pẹ́ nínú òjò. Ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti fọ irin yẹn lọ, ibẹ̀ á funfun, tàbí kó pọ́n bí ọsàn, tàbí kó jẹ́ pínńkì. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, wọ́n ní káwọn tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ pa á bẹ́ẹ̀ mọ́ o, torí bó ṣe ń ṣí kúrò tọ́wọ́ bá pa á yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ ló ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún.

Lójú àbọ̀, ẹ dúró ní Fire Wave. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí ẹ máa sọdá títì, àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ tó mílì kan àti ààbọ̀, kò sí igi kankan tó ní òjìji, ẹ gbé omi dání kódà tó bá jẹ́ oṣù Kejìlá. Ìparí ẹ̀ ni àpáta kan tó ní ìlà pupa àti funfun, ó tẹ̀ ó rọ́ bí aṣọ òfì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ látorí òfì tí kò tíì gún. Fọ́tò ò lè sọ ọ́ tán. Ẹ rìn lórí àpáta tó le, ẹ má gba orí èyí tó rí pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń kán.

Rainbow Vista, ẹ yà, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wò, ẹ máa lọ.

Mouse's Tank ni kẹ́ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, àlọ àti àbọ̀ ò tó mílì kan, yanrìn ẹ̀ jinlẹ̀ díẹ̀ àmọ́ ó tẹ́jú, Mama rìn ín dópin. Ẹ má wolẹ̀ rìn o, ògiri àpáta apá ọ̀tún àti òsì ni kẹ́ẹ máa wò, àwòrán wà lára ẹ̀ káàkiri, èèyàn, ẹranko, òbìrí, ìlà tó rọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé awọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń hù bo ara àpáta yìí bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn èèyàn àtijọ́ yẹn wá fi òkúta ha awọ dúdú yẹn kúrò kí àwọ̀ abẹ́ ẹ̀ lè hàn. Àwọn baba ńlá àwọn Pueblo, ẹ̀yà onílẹ̀ míì, àti àwọn Paiute ló kọjá níbẹ̀ tí wọ́n fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ fọwọ́ kàn án, epo ọwọ́ wa ń bà á jẹ́. Mo rí ibi tí ẹnì kan ti ha orúkọ ara ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, inú bí mi débi pé mi ò lè ya fọ́tò mọ́. Ìwé ìtàn ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn, kò sì lè padà bọ̀ sípò mọ́. Kòtò òkúta tó ń gba omi òjò dúró ló wà ní ìparí ọ̀nà náà, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ ní tank, Mouse jẹ́ ọkùnrin Paiute kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn ní àwọn ọdún 1890, ó sá pa mọ́ sáàárín àpáta wọ̀nyí, wọ́n ní omi inú kòtò yẹn ló fi gbé ara ẹ̀ ró.

Tẹ́ẹ bá padà dé títì ńlá, tí agbára ṣì wà, ẹ padà díẹ̀ sápá ìwọ̀ oòrùn lọ wo Atlatl Rock. Àtẹ̀gùn irin ga lọ sókè níbẹ̀, àwòrán igi tí wọ́n fi ń ju ọ̀kọ̀ wà lókè, ìyẹn kí ọrun àti ọfà tó dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Mama ò gùn ún, wọ́n wò ó látìsàlẹ̀. Beehives tẹ́ẹ kọjá láàárọ̀ náà ò jìnnà síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ wá kọjú sí ìlà oòrùn. Ẹ jẹun ní Seven Sisters. Ẹ tún máa rí àwọn ilé òkúta kéékèèké kan tí wọ́n fi àpáta ibẹ̀ náà kọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba kó síṣẹ́ nígbà ọ̀wọ́n owó ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1930, káwọn arìnrìn-àjò lè rí ibi sùn. Síwájú sí i ni òkúta ìrántí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John J. Clark, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọjá ẹ̀, èmi máa ń dúró níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọdún 1915, ó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kọjá, omi tán, ó so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́, ó fẹsẹ̀ rìn lọ wá omi, òùngbẹ ló pa á. Nítorí náà, tí mọ́tò yín bá dáṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀. Mọ́tò ní òjìji, omi wà nínú ẹ̀, ó rọrùn fún wọn láti rí i ju èèyàn tó ń rìn lọ. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbìyànjú 911, tí kò bá lọ ẹ dúró, mọ́tò míì ń bọ̀, òṣìṣẹ́ ọgbà náà máa ń kọjá. Tí òjò bá ṣú, kódà tó bá jẹ́ pé orí òkè lókèèrè ló ti ń rọ̀, ẹ kúrò níbi tó bá rì sísàlẹ̀. Ilẹ̀ yẹn kì í fa omi tán, gbogbo ẹ̀ á ya wọ inú kòtò lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ẹ bá rí omi tó ń ṣàn kọjá lórí títì, ẹ má gbà á kọjá, bó ti wù kó kéré tó lójú yín.

Ìjàpá náà wà níbẹ̀ o, ìjàpá aṣálẹ̀. Tẹ́ẹ bá rí ọ̀kan ẹ má gbé e, òfin dáàbò bò ó, ìdí pàtàkì míì sì wà: tẹ́rù bá bà á á tọ̀ dànù, ìtọ̀ yẹn sì ni omi tó fi pa mọ́ sínú fún ìgbà ọ̀dá, ẹni tó bá gbé e ṣeré lè ti pa á láìmọ̀. Ẹ yẹ abẹ́ mọ́tò wò kẹ́ẹ tó ṣáná sí i, ó fẹ́ràn òjìji abẹ́ ẹ̀.

Elephant Rock ló kẹ́yìn, ó wà lẹ́bàá géètì ìlà oòrùn, àpáta tó rí gẹ́lẹ́ bí erin tó na ọwọ́jà sílẹ̀. Ẹ máa rìn díẹ̀ kẹ́ẹ tó rí i dáadáa. Ẹ gbìyànjú kẹ́ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó bá ku bíi wákàtí kan kí oòrùn wọ̀, ìgbà yẹn ni pupa yẹn máa ń jó lójú èèyàn, gbogbo fọ́tò tó dáa jù tí mo ní, wákàtí yẹn ni mo yà á. Mama fẹ́ mú òkúta kékeré kan lọ sílé, mo ní kò ṣeé ṣe, òfin ò gbà á, wọ́n wò mí, wọ́n rọra dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un gan-an.

Tẹ́ẹ bá jáde, òsì ni Overton, epo wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, Lost City Museum náà wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kó ẹrù àwọn ará àtijọ́ sí nígbà tí omi Lake Mead ń bọ̀ wá bo ilé wọn mọ́lẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ jáde ẹ yà wò ó. Ọ̀tún ni ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ Lake Mead padà sí Vegas, ó rẹwà, àmọ́ wọ́n ń gba owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ṣókùnkùn lálẹ́, mi ò ní gbà á tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Tẹ́ẹ bá dé hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ gbọn bàtà yín síta kẹ́ẹ tó wọlé, yanrìn yẹn máa ń fi àwọ̀ pupa sára kápẹ́ẹ̀tì.